Ta ló ń yí, ta là ń yí? Èsì mi lórí "olùyínipadà"

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀ràn èdè, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí, tí mo sì panu mọ́, torí ẹni tó dá a sílẹ̀ jù mí lọ. Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé: ẹ̀gbọ́n wa ń kọ ìwé ìléwọ́ kan fún àwọn tó fẹ́ máa kọ́ ẹlòmíì bí èèyàn ṣe ń yí ìgbé ayé ara rẹ̀ padà. Orúkọ mẹ́ta ni wọ́n ń wá: ti ìyípadà ọ̀hún, ti ẹni tó ń kọ́ni, àti ti ìgbà tí olùkọ́ bẹ́ẹ̀ bá ti mọ iṣẹ́ náà débi tó yẹ. Àwọn fúnra wọn mú "ìparadà", "olùyínipadà" àti "ìdọ̀gá" wá. Èèyàn mẹ́rin ti fọwọ́ sí i. Èmi ò fọwọ́ sí i, ẹ má bínú sí mi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ìparadà kúrò lọ́nà. Mo mọ ibi tí wọ́n ti mú un. Inú Bíbélì ni, Róòmù 12:2, níbi tí a ti ní kí èèyàn paradà láti di titun ní ìrò inú. Nínú ìwé yẹn, ó dùn. Àmọ́ lẹ́nu àwa tó ń fi èdè yìí jẹun lójoojúmọ́, ta ló sábà máa ń paradà? Olè tó wọ aṣọ ọlọ́pàá ni. Ojú yàtọ̀, inú ò kúrò níbi tó wà. Àwa tí a ti rí ẹni tó há gbogbo ìwé sùúrù sórí, tó sì tún ń jágbe mọ́ ọmọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan náà, a mọ̀ pé ìparadà wà lóòótọ́, òun gan-an là ń sá fún.

Ẹnì kan dábàá ìrònúpìwàdà. Mo fẹ́ràn bí wọ́n ṣe hun ún: ro inú, pa ìwà dà, ìrònú ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ti wọ inú ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì ní jáde mọ́. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já láti sọ̀rọ̀ láàárín èrò, tó fẹ́ kọ́ bí kò ṣe ní máa já mọ́, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ìyípadà lásán ńkọ́? Ojú ọjọ́ ń yí padà, ìjọba ń yí padà. Ohun tí a ń wá gbọ́dọ̀ ní "ara ẹni" nínú, a sì ti ní irú rẹ̀ nílẹ̀: ìsẹ́ra-ẹni, ìkóra-ẹni-níjàánu. Nítorí náà, ìyíra-ẹni-padà. Ẹni tó bá fẹ́ gé e kúrú sí "ìyíra", kí ó rántí pé ẹlẹ́dẹ̀ náà ń yíra nínú ẹrẹ̀.

Ibi tí ẹjọ́ wà gan-an ni olùyínipadà. Ẹ wò ó bí àwọn onígírámà ṣe ń wò ó. "Olù" ló ń yí, "ni" là ń yí. Olùkọ́ ni olùṣe, akẹ́kọ̀ọ́ ni àbọ̀, ìyẹn ẹni tí wọ́n ṣe é sí. Akẹ́kọ̀ọ́ wá dà bí òkúta tí wọ́n ń tì kiri. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, tí èdè wa bá sọ pé a yí ẹnì kan lọ́kàn padà, ohun tó túmọ̀ sí ni pé a rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà. Kò sọ pé ó ṣe é.

Mo rí ìyàtọ̀ yìí lójú ara mi nígbà kan tí mo jókòó ti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ yìí. Wọ́n pín wọn ní méjì méjì. Ọkùnrin kan tó fẹ́ fi sìgá sílẹ̀ ló jókòó síwájú ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́. Ọkùnrin yẹn ní, "Mo mọ̀ pé kò dáa, àmọ́…" Kò tíì parí "àmọ́" tí ọmọbìnrin yẹn fi já a gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àìsàn ẹ̀dọ̀fóró sílẹ̀ fún un. Gbogbo èyí tó bá kà, ọkùnrin yẹn á ní bàbá àgbà òun mu tirẹ̀ títí ó fi dàgbà dàgbà. Ìyá tó ń kọ́ wọn kò sọ nǹkan kan, ó kàn gbé ọwọ́ lé ejìká ọmọbìnrin yẹn. Ó dákẹ́. Gbogbo wa dákẹ́. Ó pẹ́ débi pé mo ń wo bàtà mi. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin yẹn sọ ọ́ fúnra rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Àbúrò mi kì í jẹ́ kí n gbé ọmọ rẹ̀ mọ́. Ó ní òórùn mi ń kọ́ ọ lọ́fun." Ìyá wá bi í pé, "Kí lẹ fẹ́ ṣe sí i?" Ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n bi í nìyẹn.

Kì í ṣe idán. William Miller, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, kọ nípa ọ̀nà yìí, tí wọ́n ń pè ní "motivational interviewing", lọ́dún 1983, láti ara iṣẹ́ tó ń ṣe pẹ̀lú àwọn tí ọtí ń dà láàmú. Òun àti Stephen Rollnick sì sọ ọ́ di odidi ìwé lọ́dún 1991. Bí olùrànlọ́wọ́ bá ṣe ń jà fún ìyípadà tó ni ẹni tí à ń ràn lọ́wọ́ á máa gbèjà ibi tó wà tó. Wọ́n ní orúkọ fún ìfẹ́ tó máa ń gbé olùkọ́ láti sáré tún ẹlòmíì ṣe: "righting reflex". Mo dábàá "ìwàǹwára àtúnniṣe" fún un, ẹ bá mi wò ó. Òun ni ohun àkọ́kọ́ tí akọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ pa lára ara rẹ̀, òun ló sì máa ń pẹ́ jù kó tó kú. Olùyínipadà gẹ́gẹ́ bí orúkọ oyè ń bọ́ àìsàn yẹn ni.

Kẹ́ ẹ má baà ní ìsọkúsọ nìkan ni mo ń ṣe, ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó ń lò náà ní àléébù kan náà. "Coach" wá láti Kocs, abúlé kan ní Hungary tí wọ́n ti ń ṣe kẹ̀kẹ́ ẹṣin. Ní nǹkan bí ọdún 1830, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Oxford ń fi ṣàwàdà pe olùkọ́ tó "gbé" wọn kọjá ìdánwò, kó tó dé orí pápá eré ìdárayá. Ẹni tí ọkọ̀ ń gbé lè sùn lọ títí yóò fi débẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò sí nínú iṣẹ́ tí à ń sọ yìí.

Àwa ti ní tiwa tó sàn jù, àwọn oníròyìn ló sì fi lé wa lọ́wọ́: akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ẹ tú u wò. A-kọ́-ni-mọ̀-ọ́n-gbá. Ta ló ń gbá bọ́ọ̀lù? Ẹni tí a kọ́ ni! Olùkọ́ dúró létí pápá, kò sì gbọdọ̀ wọlé. Mo ti kọ́kọ́ ronú "akọ́nimọ̀wàáhù", àmọ́ ẹ̀kọ́ ilé ni etí máa gbọ́, àgbàlagbà kankan kò sì ní san owó kí wọ́n wá kọ́ ọ ní ìyẹn. "Abánirìn" tí ìyá kan dábàá lánàá dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ló lè bá èèyàn rìn, àìmọṣẹ́ náà lè bá a rìn. Nítorí náà, akọ́nimọ̀ọ́yípadà. Ó gùn, mo mọ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá náà gùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Àǹfààní kan tí mi ò retí: "padà" wà nínú rẹ̀, padà yìí kan náà là ń lò fún ẹni tó tún ibi tó ti ń bọ̀ tọ̀. Ó bá iṣẹ́ náà mu. Nígbà tí Prochaska àti DiClemente, àwọn onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá, ṣe ìwádìí lórí àwọn tó ń fi sìgá sílẹ̀ fúnra wọn, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1983, wọ́n ka ìpadàsẹ́yìn mọ́ ara ìrìn àjò náà. Phillippa Lally àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní London náà tẹ̀lé èèyàn 96 tó fẹ́ kí ìwà tuntun kan mọ́ wọn lára: ọjọ́ 66 ló gba ẹni tó wà láàárín kó tó mọ́ ọn lára, àwọn kan lo 18, ìṣirò sì fún àwọn mìíràn ní 254. Ẹni tó bá pa ọjọ́ kan jẹ kò ba iṣẹ́ jẹ́. Akọ́nimọ̀ọ́yípadà tó ń ṣèlérí ọjọ́ 21, ẹ bá mi sá fún un.

Ìdọ̀gá ò ní gbà mí lákòókò. Ọ̀gá lẹ́nu wa ni ẹni tí à ń bẹ̀rù. Ẹ fi "ìmọ̀dunjú" rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú ni ẹni tó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́, tó padà gbọ́ ọ, tó ka ìbéèrè àti ìmọ̀ràn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó wo ta ló sọ̀rọ̀ jù, tó sì gbé e fún ẹni tó jù ú lọ kó bá a tọ́ ọ. Ẹni tó ti ń kọ́ni fún ogún ọdún láìṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni.

Ẹ̀gbọ́n, bí wọn ò bá tíì tẹ ẹ̀yìn ìwé náà, ẹ bá mi fi ìyíra-ẹni-padà sí i, pẹ̀lú àmì ìsopọ̀ méjèèjì. Ti akọ́nimọ̀ọ́yípadà, mi ò tíì mọ̀ bóyá kí á kọ "ọ́" kan ṣoṣo tàbí "ọ́n" bó ṣe jẹ́ gan-an. Àwọn oníròyìn ti ju "n" nù, etí mi ṣì ń gbọ́ ọ. Kí lẹ rí sí i?