Láti Ìkòròdú lọ sí Òṣogbo: ṣé owó á ṣẹ́ kù lóòótọ́?

Ará Ìkòròdú: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Fúláàtì oníyàrá méjì là ń gbé ní Ìkòròdú, ₦1,200,000 lọ́dún. Wọ́n ti bá wa rí irú rẹ̀ ní Òṣogbo ní ₦500,000. Èmi, ìyàwó àti ọmọ méjì ni: ọ̀kan wà ní SS2, ìkejì ní pírámárì kẹta. Orí kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ mi, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ yọjú sí ọ́fíìsì l'Ékòó lẹ́ẹ̀mejì lóṣù. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ká yẹ̀ wò ká tó sanwó?

Aṣírò: Ẹ kú ètò o. Owó ilé nìkan kọ́ lẹ máa wò. Ní Ìkòròdú tẹ́ ẹ ti wà tẹ́lẹ̀, owó ilé lásán lẹ ń san. Ní Òṣogbo, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé ni, éjẹ́ǹtì ń bẹ, àgíríìmẹ́ǹtì ń bẹ. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ₦500,000 ti di ₦600,000. Èrè yín kù sí ₦600,000 nìyẹn.

Ẹ wá gbé owó ọkọ̀ lé e. Ẹ lọ béèrè ní gáréèjì iye tí wọ́n ń gbà lọ́sẹ̀ yìí; ká fi ₦12,000 ṣe àpẹẹrẹ. Àlọ àtàbọ̀ ₦24,000, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, oṣù méjìlá: ₦576,000. ₦24,000 péré ló ṣẹ́ kù lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ ò sì tíì kó ẹrù, ẹ ò tíì ka oúnjẹ àti ibi tẹ́ ẹ máa sùn l'Ékòó. Bí ìrìn àjò yẹn bá di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ₦312,000 ló máa ṣẹ́ kù lọ́dún àkọ́kọ́, ₦412,000 láti ọdún kejì lọ. Nítorí náà, ọ̀gá yín lẹ máa kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó bá onílé sọ̀rọ̀, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé fún yín.

Ẹ tún ránti owó orí. Ìpínlẹ̀ téèyàn ń gbé ló ń gba owó orí iṣẹ́ oṣù rẹ̀, ibi tí ọ́fíìsì wà kọ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń san owó oṣù yín mọ̀ pé ẹ ti kó lọ sí Ọ̀ṣun.

Ọmọ Òròkí: Ẹ káàbọ̀ o. Ohun tí Aṣírò sọ dáa, àmọ́ iná àti omi ló máa ń jẹ owó èèyàn níbí láìjẹ́ kó mọ̀.

Ẹ béèrè Band tí iná àdúgbò náà wà. Band A yẹ kó ní iná wákàtí 20 lójúmọ́ ó kéré tán, B 16, C 12, D 8, E 4. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ nínú ilé tó wà ní Band D, epo jẹnẹrétọ̀ ló máa fi dí iyókù, epo bẹntiróòlù níbí sì sábà máa ń wọ́n ju ti Èkó lọ nítorí owó tí wọ́n fi ń gbé e wá. Ilé olówó pọ́ọ́kú lè di ilé olówó ńlá báyẹn.

Ẹ wo mítà pẹ̀lú. Kẹ́ ẹ tó sanwó ilé, ẹ ra iná kékeré sórí nọ́ńbà mítà náà. Bí ẹni tó kó jáde bá fi gbèsè sílẹ̀, ẹ máa rí i lórí rìsíìtì pé wọ́n ti yọ nínú owó yín. Kí onílé kọ́kọ́ san án. Ilé tí kò ní mítà, ẹ fò ó.

Omi ńkọ́? Àpáta ló wà lábẹ́ ilẹ̀ Òṣogbo, kò dà bí iyanrìn Ìkòròdú. Ilé méjì lè fara kanra, kí kànga ọ̀kan kún, kí ti èkejì gbẹ. Oṣù kejì sí ìkẹta, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ló dáa jù láti wò ó. Ẹ fa korobá kànga náà sókè fúnra yín: bí okùn bá gùn gbọọrọ, tó jẹ́ pé ìdí rẹ̀ nìkan ló tutù, tí ẹrẹ̀ sì bá omi jáde, ẹ máa ra omi ọlọ́kọ̀ kí òjò tó dé. Ẹ má sì gba ilé tó sún mọ́ odò Ọ̀ṣun tàbí àwọn ìṣàn tó ń wọ inú rẹ̀, torí àkúnya.

Ní ti àdúgbò, Ogo-Olúwa àti Òkè-Fìà rọrùn fún ìrìn, ilé ibẹ̀ sì wọ́n díẹ̀. Òkè-Báálẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN ń du ilé níbẹ̀. Ilé kò wọ́n ní Ìdó-Ọ̀ṣun, àmọ́ owó kórópe ojoojúmọ́ ń bẹ nídìí rẹ̀. Ibi yòówù kó jẹ́, ẹ dán íntánẹ́ẹ̀tì síìmù yín wò nínú yàrá náà ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ti ọ̀sán máa ń tanni jẹ.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́: Gàrí, èlùbọ́, iṣu, epo pupa, ẹ̀fọ́: ẹ máa jèrè níbẹ̀. Ẹja inú yìnyín, mílíìkì, ìrẹsì òyìnbó, ẹ má retí èrè kankan, torí etí òkun ni wọ́n ti ń gbé e bọ̀.

Ẹ má fi kóńgò ibí wé dẹ́rìkà Èkó. Ẹ gbé òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n ń so kọ́ dání, kẹ́ ẹ pín owó sí kílò. Ẹ tún yí kóńgò wo ìdí ẹ̀: èyí tí wọ́n ti lù wọnú kì í gba oúnjẹ tó. Láàárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ni epo pupa máa ń pọ̀, ìgbà náà ni kẹ́ ẹ ra kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan sílẹ̀.

Tíṣà: Ọmọ SS2 yẹn ló ká mi lára jù. Ẹ má jẹ́ kó wọ SS3 ní ilé ẹ̀kọ́ tuntun. Máàkì SS1 àti SS2 rẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ máa ń fi ránṣẹ́ sí WAEC, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kì í sì í fẹ́ gba ọmọ tuntun ní SS3. Bó bá ṣì wà ní táàmù àkọ́kọ́, ẹ ṣí i kíákíá, ẹ gba lẹ́tà ìṣípòpadà àti èsì JSS3 àti SS1, kẹ́ ẹ sì rí i pé gbogbo iṣẹ́ tó ń kọ́ wà ní ibi tó ń lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ní sùúrù títí yóò fi ṣe WAEC tán. Ti pírámárì kò le, ẹ ṣáà kó o nígbà tí táàmù bá parí kẹ́ ẹ má baà san owó ilé ẹ̀kọ́ méjì.

Ará Ìkòròdú: Ẹ ṣeun gidi gan-an. Táàmù àkọ́kọ́ ló wà. Ẹrù ńkọ́?

Akẹ́rù: Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sí Mile 12. Ọkọ̀ tó já iṣu tàbí àgbàdo sílẹ̀, òfo ló ń padà sókè, owó rẹ̀ kéré ju èyí tẹ́ ẹ máa pè wá láti ilé lọ. Kẹ́ ẹ dúnàá dúrà pẹ̀lú owó alábàárù àti owó ojú ọ̀nà pọ̀ mọ́ ọn, kí awakọ̀ má baà béèrè òmíràn ní Gbọ̀ngán. Fíríìjì, òró ni kẹ́ ẹ gbé e. Bó bá dùbúlẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹ má tàn án títí di ọjọ́ kejì, kí òróró inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè padà síbi tó yẹ.