Báwo lẹ ṣe ń díwọ̀n ohun tẹ́ ẹ bá rí ní ìdánrawò Senior Bowl?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bọ́ọ̀lù àwọn Amẹ́ríkà dunjú, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Kí àwọn ẹgbẹ́ NFL (líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó ga jù) tó yan àwọn ọmọ yunifásítì lọ́dọọdún, mo máa ń wo ìdánrawò Senior Bowl, ìyẹn ìdíje àwọn ọmọ yunifásítì tó fẹ́ wọ NFL, nílùú Mobile, ní Alabama. Ìfigagbága ẹnìkan-sí-ẹnìkan yẹn ló ń rú mi lójú. Ẹni tó ń dáàbò bo quarterback (ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù) dá dúró, kò sí ẹlẹgbẹ́ lọ́tùn-ún lósì tó máa ràn án lọ́wọ́. Ṣé tó bá ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ká ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́? Wide receiver, ẹni tó ń sáré lọ gba bọ́ọ̀lù, ńkọ́? Gbogbo pápá ló ṣí sílẹ̀ fún un, kò sí safety (adènà tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn) lẹ́yìn. Ta ni ò ní gbayì níbẹ̀!

Síbẹ̀, kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni Aaron Donald, adènà tó ń lépa quarterback, ti da gbogbo wọn láàmú lọ́dún 2014, nígbà tí àwọn kan ń sọ pé ó kúrú jù. Lọ́dún 2024, Quinyon Mitchell, adènà tó ń ṣọ́ wide receiver, wá láti yunifásítì Toledo, ó lẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ńláńlá, ẹgbẹ́ Eagles ti NFL sì mú un ní ipò 22.

Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lèmi máa ń wò ju ẹni tó borí lọ: ṣé ọwọ́ rẹ̀ tètè dé àyà ẹnìkejì, àbí ìgbà tí wọ́n ti gbá a mú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nawọ́? Ọ̀rẹ́ mi kan ní asán ni gbogbo rẹ̀, fídíò ìdíje gan-an ni ká gbà gbọ́. Ẹni tó bá ṣe ségesège lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tó wá tún un ṣe lọ́jọ́bọ̀, èwo lẹ máa ń kọ sílẹ̀?