Adágún omi màlúù wa ń gbẹ, kí ni ká ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbẹ́ San Angelo ní Texas ni èmi àti ọkọ mi ti ń sin màlúù 14. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ táútáú, igi mesquite ẹlẹ́gùn-ún ló kún un. Ojú àgbàrá tó gba àárín rẹ̀ kì í lómi àfi tí òjò ńlá bá rọ̀. Adágún tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀ ti fà sẹ́yìn, ẹrẹ̀ etí rẹ̀ ti sán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ màlúù kan rì sínú rẹ̀ dé ikùn, okùn la fi fà á jáde. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ ń yí láti fa omi abẹ́ ilẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, omi ò wá. Ṣé ká fi bentonite, amọ̀ tó máa ń wú tí omi bá kàn án, dí ìsàlẹ̀ adágún náà kí omi má bàa jò wọlẹ̀ ni, àbí ká ra pọ́ǹpù sólà? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn.