Ẹyin adìẹ mi ń rọ̀ nínú kéèjì, ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí o

Ọ̀sìn_Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Adìẹ 200 tó ń yé ni mo ní, wọ́n ti pé ọ̀sẹ̀ 58. Kréètì márùn-ún ni mò ń kó lójúmọ́. Láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, bí ẹyin mẹ́wàá nínú rẹ̀ ni èèpo wọn fẹ́lẹ́ débi pé àtàǹpàkò ń wọlé sí i. Àwọn míì ò tiẹ̀ ní èèpo, awọ lásán ni. Àpò oúnjẹ oníkílò 25 kan ni wọ́n ń jẹ lójúmọ́. Wọn ò wúkọ́, wọn ò kọ oúnjẹ. Mo ti po egungun lílọ̀ mọ́ oúnjẹ wọn fún ọjọ́ márùn-ún, kò sí ìyàtọ̀. Ẹnìkan ní kí n fún wọn ní oxytetracycline, oògùn tó ń pa kòkòrò àìsàn. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ìyá Ẹlẹ́yin:
Ẹ má tíì lo oògùn yẹn, ọ̀gá. Ohun tí ẹ sọ yìí kò jọ àìsàn tó ń gbọ́ oxytetracycline. Kálísíọ̀mù, èròjà inú oúnjẹ wọn tó ń mú èèpo ẹyin le, sì máa ń dì mọ́ oògùn náà nínú ìfun, kì í jẹ́ kó wọ ara dáadáa. Ẹ ò tún ní lè ta ẹyin títí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí oògùn fi máa pé.

Ẹ dá egungun lílọ̀ dúró pẹ̀lú. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ pọ̀, tó bá sì ti pọ̀ jù, ṣe ló ń ba èèpo jẹ́.

Èèpo ẹyin kan ń gba nǹkan bíi gíráàmù 2 kálísíọ̀mù. Bí ìdajì ohun tí adìẹ jẹ ló ń wọ ara rẹ̀, torí náà ó gbọ́dọ̀ jẹ tó gíráàmù 4 lójúmọ́. Adìẹ ọ̀sẹ̀ 58 kì í gbà á sára bí ìgbà tó wà lọ́mọge mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹyin rẹ̀ ti tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí: alẹ́ ni adìẹ ń mọ èyí tó pọ̀ jù nínú èèpo, nígbà tí kò jẹun. Limestone (òkúta ẹfun) tó kúnná bí ẹlùbọ́ ti kọjá lára rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Oyster shell (ìkarahun ẹran inú omi) tó rí wóróworo bí ọkà bàbà á jókòó sínú iwe, á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ mọ́jú. Nítorí náà, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ wọn gíráàmù 600 (gíráàmù 3 fún adìẹ kan), kí ẹ wọ́n ọn sórí oúnjẹ káàkiri kòtò oúnjẹ, kó má wọ́jọ síbì kan. Ẹ má jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ adìẹ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 16 o, kíndìnrín wọn ló máa bàjẹ́.

Bàbá Kéèjì:
Òótọ́ ni Ìyá sọ. Àmọ́ ẹ yẹ oyster shell wò kí ẹ tó rà á lápò, torí wọ́n ń fi iyanrìn lù ú. Ẹ bu ṣíbí kan sínú ife, kí ẹ da fínígà lé e. Ìkarahun tòótọ́ á hó yaya. Ẹ máa dà á sí i títí kò fi hó mọ́. Ohun tó bá kù nísàlẹ̀ tó ń rín ìka, iyanrìn ni.

Oòrùn ńkọ́? Adìẹ tó ń la ẹnu mí hẹlẹhẹlẹ ń mí afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dànù, òun sì ni ara fi ń bá kálísíọ̀mù mọ èèpo. Ní agogo méjì ọ̀sán, ẹ tẹ nípù (ẹnu páìpù tí adìẹ ti ń mu omi) tó jìnnà jù sí táǹkì, kí omi dà sí yín lọ́wọ́. Tó bá gbóná, ẹ bo táǹkì, kí ẹ tú omi inú páìpù dànù lọ́sàn-án. Ẹ fún wọn lóúnjẹ kí agogo méje àárọ̀ tó lù, ẹ fi èyí tó pọ̀ jù sí ìrọ̀lẹ́. Ẹ lè po gíráàmù 50 baking soda mọ́ àpò kan, kí ẹ dín iyọ̀ inú rẹ̀ kù. Ẹ má fi káún dípò rẹ̀.

Ọ̀sìn_Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Omi náà gbóná lóòótọ́, ó tó èyí tí èèyàn ń fi wẹ̀. Nǹkan kan tí mi ò sọ: pupa ni ẹyin wọn tẹ́lẹ̀, àwọn kan ti funfun báyìí. Pẹ́pẹ́yẹ mẹ́ta sì ń jẹ̀ lẹ́yìn ilé adìẹ náà.

Dókítà_Ẹran:
Ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ́yẹ yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ. Ọjọ́ orí àti ooru lè mú kí àwọ̀ ẹyin ṣá díẹ̀, ṣùgbọ́n kó funfun lójijì kí èèpo sì fẹ́lẹ́, kí adìẹ máa jẹun bí ẹni tí ara rẹ̀ le, ó jọ àìsàn tí à ń pè ní egg drop syndrome. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, ara pẹ́pẹ́yẹ ló sì máa ń gbé láìṣe é ní nǹkan kan. Kò lóògùn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ 14 sí 16 là ń gún un, kí adìẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Tó bá jẹ́ infectious bronchitis, àìsàn èémí adìẹ tí fáírọ́ọ̀sì míì ń fà, ni, èèpo á hunjọ, funfun inú ẹyin á sì ṣàn bí omi tí ẹ bá fọ́ ọ sínú àwo.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń po oúnjẹ fún yín pẹ̀lú bóyá ó lo nicarbazin, oògùn àìsàn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ adìẹ, fún oúnjẹ bíróílà lórí ẹ̀rọ kan náà. Ó máa ń bọ́ àwọ̀ ẹyin pupa.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí kéèjì tí ẹyin burúkú ti ń jáde fún ọjọ́ mẹ́rin. Tó bá fọ́n káàkiri láti ọjọ́ kìíní, ẹ fura sí oúnjẹ àti ooru. Tó bá bẹ̀rẹ̀ lápá kan tó ń tàn lọ, ẹ fura sí àìsàn. Ẹ kó adìẹ márùn-ún láàyè pẹ̀lú ẹyin wọn lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Ábẹ́òkúta, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Lónìí, ẹ kó pẹ́pẹ́yẹ kúrò níbẹ̀, kí ẹ fi oògùn apakòkòrò fọ kréètì oníke. Kréètì onípáálí tí àwọn oníbàárà bá dá padà, ẹ má gbé e wọlé mọ́.