Dókítà pa iná, iná ilé wa náà sì lọ: ẹ wá sọ ìrírí tiyín pẹ̀lú fíìmù àtijọ́ tó ń já èèyàn láyà

Ọmọ Òkè-Àdó

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, kí ẹ tó máa kó tiyín wá.

Tẹlifíṣọ̀n ilé wa nígbà náà, dúdú-òun-funfun ni. Ó ní ilẹ̀kùn pákó méjì tí bàbá mi máa ń tì bí ẹni ń ti kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tó yá, bàbá ra ike aláwọ̀ kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀: òkè ike náà búlúù, àárín rẹ̀ rí bí ọsàn tó pọ́n, ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí bí ewé. Wọ́n ní ó ti di kọ́lọ̀ nìyẹn. Ẹni yòówù kó dúró nínú fíìmù, orí rẹ̀ á búlúù, ẹsẹ̀ rẹ̀ á dà bí ẹni tó tẹ ewúro. A ò ráhùn. A tún máa ń pe àwọn ọmọ àdúgbò wá wò ó.

Orí ẹ̀ ni mo ti rí *D.O.A.* (*Dead on Arrival*, ẹni tó ti kú kó tó dé ilé ìwòsàn), fíìmù ọdún 1950. Ọkùnrin kan ń rìn lọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan là ń rí. Ó wọlé tọ àwọn ọlọ́pàá, ó ní òun wá fẹjọ́ ìpànìyàn sùn. Wọ́n ní ta ni wọ́n pa? Ó ní òun ni. Èmi àti àbúrò mi wo ara wa lójú. Frank Bigelow lorúkọ rẹ̀, ẹni tó ń báni ṣe ìṣirò owó ni, kì í ṣe ọ̀daràn, kì í ṣe olówó. Fàájì ló bá lọ sí San Francisco tí wọ́n fi pààrọ̀ ọtí rẹ̀ sí olóró níbi tí wọ́n ti ń lu jáàsì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí inú ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó lọ rí dókítà. Ohun tí wọ́n sọ fún un kò wọ̀ ọ́ létí, ó bá sá lọ sọ́dọ̀ òmíràn. Ìyẹn gbé ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan dání, ó pa iná. Oró tó wà nínú ìgò náà ń tàn yanran nínú òkùnkùn.

Bó ṣe ń tàn lọ́wọ́ ni gbogbo ilé wa ṣókùnkùn.

A jókòó jẹ́ẹ́. A rò pé ara fíìmù ni! Àfìgbà tí ìyá mi pariwo láti ilé ìdáná pé ta ló gbé ìṣáná òun la tó mọ̀ pé wọ́n ti mú iná lọ. Iná ò dé títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n gbáko ni mi ò fi mọ ẹni tó pa ọkùnrin yẹn, kí n tó bá a pàdé lórí YouTube. Ọ̀fẹ́ ni, torí àwọn tó ni ín kò tún ẹ̀tọ́ wọn lórí rẹ̀ ṣe nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ pé, ó bá di ti gbogbo ayé. Mo bá ti àkọ́kọ́, dúdú-òun-funfun, níbẹ̀, mo sì bá èyí tí wọ́n rẹ láró, ìyẹn ni pé wọ́n fi àwọ̀ sí i lẹ́yìn náà. Èyí tí wọ́n rẹ láró yẹn ni mo kọ́kọ́ ṣí. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi pa á. Ojú Bigelow rí bí ike. Ike bàbá mi gan-an ni mo rántí.

Ẹ̀yin ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́, Lọ́ńdọ̀n

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín lórí iṣẹ́, ẹ ò ní fa wàhálà fún mi.

Ìyá òyìnbó kan wà tí mo ń tọ́jú lóru, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó ní *Psycho* ti 1960 ni fíìmù tó já òun láyà jù láyé. Hitchcock tó darí ẹ̀ ti pàṣẹ nígbà náà pé bí fíìmù bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọlé mọ́. Òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pẹ́ dé, ìta ni wọ́n dúró sí títí tí àwọn èrò àkọ́kọ́ fi jáde, ojú kálukú wọn sì funfun báláú. Ó wá ní ohun tí òun ò lè gbàgbé ni ẹ̀jẹ̀ inú balùwẹ̀ tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ pa obìnrin kan, bó ṣe pupa fòò.

Mo ní, "Màmá, fíìmù yẹn ò ní àwọ̀ o. Ṣokoléètì olómi ni wọ́n fi ṣe ẹ̀jẹ̀ yẹn." Ó ní irọ́ ni. A bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn láago méjì òru, èmi tí wọ́n ń sanwó fún pé kí n mú un sùn! Mo bá gbé e sí orí tábúlẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó débi tí àwọn fáyólìn yẹn ti ń han, ó di ọwọ́ mi mú. Ọ̀bẹ ń lọ sókè, ọ̀bẹ ń bọ̀ nísàlẹ̀, omi ń ṣàn. Eérú ni gbogbo rẹ̀, dúdú àti funfun. Ó parí, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní: "Mo ṣì rí i ní pupa."

Mo rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́. Hitchcock ti ń ṣe fíìmù aláwọ̀ ṣáájú ìgbà yẹn o, *Vertigo* ti 1958, àwọ̀ kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ó mọ̀ọ́mọ̀ pa àwọ̀ tì ni. Ta ni yóò wá rẹ ohun tí màmá yìí ti fi ojú inú rẹ̀ rẹ láti ọjọ́ yìí wá?

Bàbá Ìbejì, Houston

Tèmi kò gùn. *Night of the Living Dead*, 1968. Èyí tí wọ́n fi àwọ̀ sí ní 1986 ni mo kọ́kọ́ gbé síwájú àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ara àwọn òkú tó jí dìde yẹn rí bí ewé! Taiwo ní, "Dádì, ẹ̀fọ́ ń lé wọn." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ọ̀sẹ̀ kejì, mo fi ti dúdú-òun-funfun sí i. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kẹ́hìndé tó ń fi ẹnu ṣe akọni ní kí n sin òun lọ ilé ìyàgbẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wò ó, ẹ mọ̀ pé Duane Jones, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú, ló ń darí gbogbo wọn nínú ilé yẹn, tí ẹnikẹ́ni nínú fíìmù náà kò sì fi ẹnu kan àwọ̀ rẹ̀. Mi ò ní sọ ìparí. Àmọ́ ìbéèrè tí àwọn ọmọ yìí bi mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ti òkú kọ́.

Ìyá Oníbúrẹ́dì, Abẹ́òkúta

Gbogbo yín ń bú kọ́lọ̀, èmi fẹ́ gbèjà ẹ̀.

Ìyá mi kì í wo dúdú-òun-funfun. Ó ní fíìmù òkú ni, pé gbogbo ẹni tó wà nínú ẹ̀ ló ti kú. Mo bá wá *House on Haunted Hill* ti 1959, èyí tí wọ́n fún láwọ̀. Òkùnkùn biribiri ló fi bẹ̀rẹ̀, igbe lásán lẹ ó máa gbọ́. Ìyá mi ní tẹlifíṣọ̀n ti bàjẹ́. (Àwọ̀ kankan ò lè débẹ̀ yẹn, mo gbà fún yín.) Ìgbà tí Vincent Price, òṣèré tó jẹ́ onílé àpèjẹ náà, yọ, tó ní òun á fún àwọn àlejò márùn-ún ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là ẹnì kọ̀ọ̀kan bí wọ́n bá sùn mọ́jú nínú ilé iwin, ìyá mi ní kí n bá òun ṣírò ẹ̀ sí náírà. Mo ṣírò ẹ̀. Ó ní, "Wọ́n lè sùn."

Láti ìgbà yẹn ló ti ń bá wọn sọ̀rọ̀: "Má ṣílẹ̀kùn yẹn! Ṣé o ò gbọ́ràn ni?" Mo sọ fún un pé nígbà tí fíìmù náà jáde, William Castle tó ṣe é ní kí wọ́n so egungun òkú mọ́ okùn ní sinimá, kó máa fò kọjá lórí àwọn èrò. Ó wò mí. Ó ní eégún ilé bàbá òun ò nílò okùn.

Bí kì í bá ṣe àwọ̀ yẹn, ìyá mi ò bá má jókòó. Ẹ fi wá sílẹ̀ jọ̀ọ́. Ẹ̀gbọ́n, *D.O.A.* yín yẹn, àwa náà ti wò ó. Àṣé ìwé kan tí ọkùnrin yẹn bá wọn fọwọ́ sí ni—

Ọmọ Òkè-Àdó

Mà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níbẹ̀!

Mo ti gbà fún màmá, mi ò jà mọ́. Àwọn tó jà jù mí lọ wà: àwọn ọmọ John Huston, olùdarí fíìmù, gbé ọ̀rọ̀ *The Asphalt Jungle* tó ṣe ní dúdú-òun-funfun dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Faransé kí wọ́n má baà fi èyí tí wọ́n fi àwọ̀ sí hàn lórí tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀, ẹjọ́ sì dá wọn láre ní 1991.

Ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín ni pé àbúrò mi ń ka ibí yìí. Kùtọnu ló ń gbé báyìí, kò sì tíì wo ìparí títí dòní. Ó ní òun ò ní wò ó láìsí èmi. Ó ń bọ̀ ní Sátidé. Mo ti ra epo lítà mẹ́wàá sínú jẹnẹrétọ̀. Mo bi í bóyá ká fi ti aláwọ̀ sí i, ó ní ṣé ike dádì ṣì wà ni? Ó tún ní kí n má wulẹ̀ ti ìbẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí n kàn fi sí ibi tí dókítà ti fẹ́ pa iná.