Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí káàdì báńkì tí mo fẹ́ kí ìyá mi máa lò

Ọmọ Òmù-Àrán:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Màámi ń ta èlùbọ́ ní Òmù-Àrán, àwọn tó ń rà á lọ́pọ̀ lọ́wọ́ wọn láti Ìlọrin kò sì kó owó dání wá mọ́. Inú àkáǹtì ni wọ́n ń san án sí. Láti ìgbà tí owó bébà ti wọ́n gógó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni àṣà náà ti mọ́ wọn lára. Bí Màámi bá fẹ́ fọwọ́ kan owó yìí, àfi kí wọ́n lọ tò nínú báńkì tàbí kí wọ́n dúró títí n ó fi wá sílé. Mo fẹ́ kí wọ́n ní káàdì tiwọn. Òṣìṣẹ́ báńkì bi wá bóyá Verve, Mastercard tàbí Visa ni a fẹ́, n kò sì mọ èsì tí n bá fọ̀. Màámi mọ Yorùbá kà dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èwo ni ẹ rò pé ó yẹ wọ́n, kí sì ni ó yẹ kí wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó?

Alágbà Gáà-Àkànbí:
O ṣeun tí o ronú kan ìyá rẹ. Iṣẹ́ báńkì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà jẹ́ kí n ti orí ìpìlẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Owó tí Màmá fúnra wọn ní nínú àkáǹtì ni káàdì yìí ń ná. Kì í yáni lówó, bí owó bá sì tán, ẹ̀rọ yóò kọ̀ ọ́ ni. Verve, Mastercard àti Visa kì í ṣe báńkì. Àwọn ni wọ́n ń gbé ìbéèrè láti inú ẹ̀rọ tí a ki káàdì bọ̀ lọ sí báńkì tó ni àkáǹtì, tí wọ́n sì ń gbé èsì padà. Verve jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Interswitch nílẹ̀ wa níbí, ó ti wà láti ọdún 2009. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, náà gbé AfriGo jáde, tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti Verve. Ẹni tí kì í ra ọjà lókè òkun, tí ìnáwó rẹ̀ kò kọjá Òmù-Àrán, Ọ̀fà àti Ìlọrin, Verve tó o láìkù síbì kan. Èyí ni ìmọ̀ràn mi lórí ìbéèrè àkọ́kọ́.

Ti ara káàdì ló ṣe pàtàkì jù. Kí o jókòó ti Màmá, kí ẹ jọ wò ó níwá lẹ́yìn. Nọ́ńbà gbọọrọ tó wà lára rẹ̀, tó máa ń jẹ́ ẹyọ 16, tí ti Verve mìíràn sì máa ń tó ẹyọ 19, kì í ṣe nọ́ńbà àkáǹtì. Nọ́ńbà àkáǹtì jẹ́ ẹyọ 10 péré, òun sì ni ẹni tó fẹ́ sanwó èlùbọ́ nílò, pẹ̀lú orúkọ Màmá àti orúkọ báńkì wọn. Mo rí ọ̀pọ̀ oníṣòwò tí wọ́n ya fọ́tò káàdì ránṣẹ́ sí oníbàárà nítorí pé wọn kò mọ ìyàtọ̀ yìí, ó sì máa ń dùn mí, nítorí pé ẹni tó bá ní nọ́ńbà gbọọrọ náà, àti oṣù àti ọdún tí káàdì yóò parí, àti nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn káàdì tí à ń pè ní CVV, ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi ń rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó sábà máa ń kù ni OTP, nọ́ńbà àṣírí ìlò ẹ̀ẹ̀kan péré tí báńkì yóò fi ránṣẹ́ sórí fóònù, òun náà sì ni àwọn oníjìbìtì máa ń pè láti béèrè. Báńkì kì í pe ènìyàn láti béèrè OTP tàbí PIN, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí mẹ́rin tí oníkáàdì ń tẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ì báà jẹ́ pé ẹni tó pè mọ orúkọ Màmá àti BVN wọn, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn ní báńkì, ní àmọ̀dunjú.

Tí ẹ bá rí 08/28 lára rẹ̀, ó túmọ̀ sí pé káàdì náà yóò ṣiṣẹ́ títí oṣù kẹjọ ọdún 2028 yóò fi parí. Owó inú àkáǹtì kò bá a parí, òmíràn ni ẹ ó lọ gbà.

Ìyá Oní-POS, Sángo:
Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Èmi tí mo ń gba káàdì lọ́wọ́ ènìyàn láti àárọ̀ dalẹ́ fẹ́ fi tiwa kún un. Apá ibi tí irin pẹlẹbẹ aláwọ̀ wúrà wà ni a ń ki bọ inú ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá béèrè irú àkáǹtì, kí Màmá mú savings, ìyẹn àkáǹtì ìfowópamọ́, bó bá jẹ́ pé òun ni wọ́n ṣí. Lẹ́yìn náà ni iye owó. Kí wọ́n fi ojú ara wọn wo iye tó wà lójú ẹ̀rọ kí wọ́n tó tẹ PIN, nítorí pé òdo kan lásán lè sọ 5,000 náírà di 50,000. Àwọn fúnra wọn ni kí wọ́n tẹ PIN, kí wọ́n fi ọwọ́ kejì bò ó. Kò sí oní-POS tó nílò kí wọ́n pe PIN sí òun létí. Kí wọ́n béèrè owó iṣẹ́ wa ṣáájú, kí wọ́n gba rìsíìtì, kí wọ́n sì ka orúkọ ara káàdì tí a dá padà fún wọn, nítorí pé àwọn kan máa ń fi káàdì ẹlòmíràn pààrọ̀ rẹ̀ ní ibi tí èrò bá pọ̀ sí.

Ẹ tún wò ó bóyá àmì tó dà bí ìgbì tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin wà lára káàdì. Èyí tó bá ní in, wọ́n lè fi kan ẹ̀rọ láìtẹ PIN. Ní ọdún 2023, CBN fi gbèdéke lé e pé kò gbọdọ̀ ju 15,000 náírà lẹ́ẹ̀kan àti 50,000 lójúmọ́ lọ. Bí kò bá wu Màmá bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sọ fún báńkì kí ó pa ọ̀nà aláìní-PIN yìí.

Ọmọ Tánkẹ́:
Ní tèmi, kí ẹ̀gbọ́n mú káàdì náà sọ́wọ́ kí wọ́n máa bá Màmá gba owó ní Ìlọrin. Ó rọrùn ju kí àgbàlagbà máa há PIN sórí lọ.

Alágbà Gáà-Àkànbí:
N kò fara mọ́ èyí rárá. Màmá tó ń rántí gbèsè gbogbo oníbàárà wọn láìkọ ọ́ sílẹ̀ kò lè ṣaláì rántí nọ́ńbà mẹ́rin. Àwọn ni kí wọ́n lọ sí báńkì, àwọn ni kí wọ́n yan PIN, kí ìwọ ọmọ wọn pàápàá má sì mọ̀ ọ́n. Bí owó bá dín lọ́jọ́ kan, ìfura kò ní wọ àárín ìyá àti ọmọ. Kí ó má jẹ́ 1234, kí ó má jẹ́ ọdún ìbí ẹnikẹ́ni nínú ilé. Kí wọ́n sì mọ̀ pé bí wọ́n bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣeé ṣe kí káàdì tì pa.

Olùkọ́ Ọ̀fà:
Òótọ́ ni Alágbà sọ. Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba owó tí wọ́n ń yọ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2025, ọ̀fẹ́ ni gbígba owó ní ATM báńkì tí ènìyàn fúnra rẹ̀ ní àkáǹtì sí. Bó bá jẹ́ ATM báńkì mìíràn, tó sì wà nínú ọgbà báńkì náà, 100 náírà ni lórí 20,000 kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà níta, bí ilé epo tàbí ilé ìtajà ńlá, lè fi tó 500 náírà mìíràn lé e. Ẹni tó gba 5,000 lẹ́ẹ̀mẹrin ní ATM báńkì mìíràn yóò san 100 náírà lẹ́ẹ̀mẹrin, nígbà tí ẹni tó gba 20,000 lẹ́ẹ̀kan yóò san án lẹ́ẹ̀kan péré. Fún ìdí yìí, báńkì tí ATM rẹ̀ súnmọ́ ọjà Màmá ṣe pàtàkì ju orúkọ tó wà lára káàdì lọ. Àwọn ATM kan sì ń fi Yorùbá báni sọ̀rọ̀. Ẹ wá èyí lójú ẹ̀rọ kí ẹ tó tẹ nǹkan mìíràn.

Ọmọ Òmù-Àrán:
Ẹ ṣeun gidigidi, ẹ̀yin àgbà. Verve ni a ó gbà, n ó sì mú Màámi lọ fúnra wọn. Ohun kan ló kù: bí ẹ̀rọ bá yọ owó nínú àkáǹtì tí kò sì pọ owó jáde ńkọ́? Bí káàdì bá sì sọnù?

Alágbà Gáà-Àkànbí:
Lórí owó tí kò jáde, òfin tí CBN gbé kalẹ̀ ní ọdún 2020 ni pé bó bá jẹ́ ATM báńkì Màmá, kíá ni owó gbọ́dọ̀ padà, bí ẹ̀rọ bá sì kùnà, báńkì gbọ́dọ̀ dá a padà láàárín wákàtí 24. Bó bá jẹ́ ATM báńkì mìíràn, wákàtí 48. Bó bá jẹ́ POS, wákàtí 72. Kí Màmá kọ ọjọ́, àkókò, ibi tí ẹ̀rọ wà àti iye owó sílẹ̀, kí wọ́n lọ sí báńkì tí àwọn ní àkáǹtì sí, kì í ṣe báńkì tó ni ẹ̀rọ.

Ti káàdì tó sọnù, nọ́ńbà fóònù báńkì tó wà lẹ́yìn káàdì kò ní sí lọ́wọ́ yín mọ́ nígbà náà, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sínú fóònù Màmá lónìí, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ara ògiri ṣọ́ọ̀bù. Kí wọ́n pè é lójú ẹsẹ̀ kí báńkì ti káàdì pa, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri.