Àbájáde: àwọn ọmọ Práímárì 2 mi àti ìtàn inú àwòrán

Ẹ ṣé gan-an fún ìmọ̀ràn tí ẹ fún mi lórí bí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe lè fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ìtàn inú àwòrán. Ẹ rántí pé "goat, yam, woman" nìkan ni wọ́n ń kà jáde tí mo bá fi àwòrán hàn wọ́n.

Kí wọ́n kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ọ́ bí àlọ́ ló ṣiṣẹ́ jù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ kan tí kì í lanu fọwọ́ lé àwòrán ewúrẹ́, ó ní: "The goat see yam. Mama is coming. The goat run!" Mo pàtẹ́wọ́ fún un.

Gígé àwòrán fún wọn láti tò dáa fún ọmọ méjì-méjì. Tí wọ́n bá ti pọ̀, ṣe ni wọ́n ń já a gbà.

Ó ku kí wọ́n máa lo "saw" àti "ran" dípò "see" àti "run" fún ohun tó ti kọjá. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà nítorí àná. Mi ò dá ìtàn wọn dúró. Ẹ̀yìn rẹ̀ la máa ń tún un sọ.